Sí Àṣàkẹ́, Nítorí Ife Mẹ́ta Tí Mo Bá Lórí Tábìlì Yín

Ajégúnlẹ̀,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àṣàkẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Jọ̀ọ́, má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ọ. Ìyá kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ kó tó la ẹnu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Ìwọ ti kàwé gboyè, o ti rí iṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọtí, o ti wọlé ọkọ. Èmi tí mo ń kọ èyí, ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní pólì, èmi àti àwọn ọmọ tí o lè rán níṣẹ́ la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n dá ìwé ìdánwò kẹ́mísírì wa padà. Mo gba mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí wo ìwé mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún o. Èmi gan-an, mẹ́sàn-án ni mo gbà." Ta wá ni irú mi tí yóò máa gba ẹni tó ti yege nímọ̀ràn? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Ìkarùn-ún rèé. Bó bá rí wúruwùru, fojú fò ó, kó o mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ Àìkú ló fà á.

O rántí pé kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo yà sí ọ̀dọ̀ yín ní GRA láti gbé mọ́ínmọ́ín fún yín. Ilẹ̀kùn ò tì. Fẹ́mi jókòó nídìí tábìlì, o fi gèlè rẹ di ojú rẹ̀, ife onígíláàsì mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, o ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ìdí wọn. Ẹ ò tíì jẹun. Mo gbọ́ ohùn rẹ:

"Fẹ́mi, má sáré. Èwo ló yàtọ̀?"

"Ti àárín. Lẹ́mọ́nù rẹ̀ ti ń rùn bí ọṣẹ ìfọbọ́."

"Háà! O gbà á! Ó yá, tu ú dànù."

"Tu kí ni? Ohun tí àwọn èèyàn ń fowó wọn rà ni kí n tu? Olúwa á bi mí."

Ẹ̀yin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà lo rí mi. O ní, "Màámi, ẹ wò ó, ọkọ mi ní imú jù mí lọ! Ìdánwò ọtí títọ́wò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ló ń bá mi ṣe é." Mo gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, mo ní kí n má pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni mo pa. N kò dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbúrẹ́dì kan lẹ́bàá ọ̀nà títí àwọn èèyàn fi ń padà bọ̀ láti ìsìn.

Mo ti jókòó nídìí irú tábìlì yẹn rí, Àṣàkẹ́. Bàbá rẹ ló jókòó síbi tí Fẹ́mi jókòó sí.

N kò tíì lè wọ inú ọ̀rọ̀ náà tààrà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti iṣẹ́ náà, nítorí ìyẹn rọrùn fún mi. O ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ báyìí, ṣùgbọ́n fara dà á. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí láìmọ orúkọ ohun tí mò ń ṣe. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu olùkọ́, tí mo sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Fọ́díkà, ọtí tí iṣẹ́ wa dá lé, kò ní ohun ọ̀gbìn kan pàtó. Àgbàdo ni o, àlìkámà ni o, gbágùúdá, ànàmọ́, tàbí omi dúdú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò lára ìrèké, ohun tó bá ṣáà lè di adùn ni. Wọ́n á sè é kó lè dùn, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i, yóò máa hó fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú ìkòkò gíga, wọ́n á dáná sí i. Oru ọtí máa ń ṣáájú oru omi gòkè. Wọ́n á darí rẹ̀ gba inú páìpù tútù, yóò sì padà di omi. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, orí là ń pè é; ó ń ta sánsán bí ohun tí ẹ fi ń nu ọ̀dà èékánná, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Èyí tó bá jáde kẹ́yìn ni ìrù. Òórùn rẹ̀ wúwo bí àkísà tí kò gbẹ. Ọkàn rẹ̀, èyí tó wà láàárín, nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á tún un sè títí kò fi ní sí òórùn àgbàdo tàbí ti gbágùúdá lára rẹ̀ mọ́. Ògógóró tí wọ́n ń tà létí omi ní Marine Beach, bí o bá gbóòórùn rẹ̀, wàá mọ̀ pé ara ọ̀pẹ ló ti wá. Fọ́díkà ní tirẹ̀ ń fẹ́ kó o gbàgbé ibi tó ti wá.

Nílé iṣẹ́ wa lẹ́yìn Liverpool Road, a kì í sè é fúnra wa. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ojúlówó ẹ̀mí ọtí náà dé, ọtí líle tí wọn kò tíì bu omi là, táńkà á sì gbé e láti èbúté wá bá wa. Tiwa ni omi, èédú àti adùn. A ó da omi mímọ́ lù ú, yóò sì gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná, bí ara ẹni tí ibà ń bọ̀ wá bá. A ó jẹ́ kó sinmi. A ó jẹ́ kó gba àárín èédú kọjá díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti jáde mọ́ roro, apá kan á lọ bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, a ó pín ìyókù fún adùn: lẹ́mọ́nù, ọsàn, ápù, fàníla, atalẹ̀. Kí ohunkóhun tó kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, kó sì tọ́ ọ wò. Fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni ẹni yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ nìyẹn, tí o sì ń fi mí yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ohun tí wọn kò sọ fún ọ ni bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́ ọtí wò. Títí dìgbà yẹn, mò ń lẹ ìwé mọ́ ara ìgò ni. Ọ̀gá wa, àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Ọ̀gá Pẹ́dírò, gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ó ní, "Méjì jọra, ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá mú èyí tó yàtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìṣì, òun ni." O ti mọ ìdánwò yẹn. Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọ̀kan ti pẹ́ díẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo fẹ́ ipò yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìwé lílẹ̀ ti sú mi.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín, torí mo rí àwọn ìgò náà lábẹ́ tábìlì rẹ. Nínú gbogbo ọtí tí a bá pò, a máa ń fi ìgò kan pamọ́, kó lè ṣe ẹ̀rí bí oníbàárà bá wá ṣàròyé. Bó bá pẹ́ tó, ó yẹ kí wọ́n dà á nù. A kì í dà á nù. A máa ń pín in. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wálé láti fi dánra wò nìyẹn: ti funfun, ti lẹ́mọ́nù, ti ọsàn, ti ápù.

Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè dá ṣe ìdánwò ife mẹ́ta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá ọ bù ú, kó sì pààrọ̀ àyè wọn. Mo pe bàbá rẹ.

Gbọ́ mi dáadáa níbí, ọmọ mi. Bàbá rẹ kì í mutí nígbà yẹn. Mọ́ltì ló ń mu níbi ayẹyẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù á sì máa pè é ní Olùṣọ́-àgùntàn. Àárọ̀ Sátidé ni a máa ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan oúnjẹ, torí inú òfìfo ni ahọ́n ń mú jù. Òun á bù ú, èmi á tọ́ ọ wò, èmi á tu ú sínú báfù. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú.

"Tu ú," mo ní.

"Ìyá Àṣàkẹ́, nílé wa, a kì í tu nǹkan olówó dànù."

"Títọ́wò ni mo ní, n kò ní kó o mu."

"Ọ̀fun mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú mi, bí o ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè dúró.

Ahọ́n rẹ̀ sì mú, Àṣàkẹ́. Ó mú ju tèmi lọ. Á ní, "Ọsàn yìí, èèpo ni wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn, omi inú rẹ̀ ni." Á sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yege tán, tí wọ́n fún mi ní kóòtù funfun, ó yẹ kí tábìlì yẹn tú ká. Kò tú ká. Ìdí ni pé ní oṣù kejì lẹ́nu iṣẹ́ tuntun, ọ̀fìnkìn mú mi. Imú mi dí pátápátá. Ó yẹ kí n sọ fún Ọ̀gá Pẹ́dírò. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á dá mi padà sídìí ìwé lílẹ̀. Mo rọ ọtí ọjọ́ náà sínú ìgò oògùn ikọ́ kan, mo gbé e wálé nínú báàgì mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ tọ́ ọ wò kó tó lọ sí wọ́ọ̀fù. Ó ní, "Èyí dáa, àmọ́ fàníla rẹ̀ ti pọ̀ jù." Mo lọ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé ẹnu èmi ni. Ọ̀gá yìn mí níwájú gbogbo èèyàn.

Ọ̀fìnkìn lọ, ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́. Mo ti rí i pé ahọ́n ẹlòmíràn dá mi lójú ju tèmi lọ. O mọ bí mo ṣe rí: títí dòní, bí mo bá kọ ìdáhùn sínú ìwé ìdánwò, mo máa ń pa á rẹ́, n ó sì kọ èyí tí kò tọ̀nà dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé ìgò oògùn ikọ́ yẹn wálé, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ó fi di àràárọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, bí n kò bá gbé e wá, òun á bi mí léèrè.

Mo rí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá ń fá irùngbọ̀n. Mo rí i. Imú mi tó ń rí àṣìṣe inú táǹkì ńlá, kò fẹ́ gbọ́ òórùn inú ilé ara rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí mo tún wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni n kò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún pásítọ̀ wa. Ó ní àwọn èèyàn ní wọ́ọ̀fù ti ń gbóòórùn ọtí lára òun láàárọ̀. Kàkà kí n da gbogbo rẹ̀ nù, mo fún un ní ìmọ̀ràn. Mo ní, "Máa mu ti atalẹ̀. Wọ́n á rò pé tíì atalẹ̀ lo mu." Èmi iyàwó rẹ̀, tí mo mọ adùn gbogbo, èmi ni mo yan adùn tí yóò fi bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì bò ó fún bí ọdún kan ààbọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ yẹn ló pa á.

Ìyókù, o mọ apá kan níbẹ̀. Ó gba kọ̀ntẹ́nà ẹni ẹlẹ́ni jáde pẹ̀lú ìwé tí kò tọ́, wọ́n sì gba káàdì tó fi ń wọ wọ́ọ̀fù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Marine Beach, sídìí ògógóró, torí ìgò kékeré tèmi kò tó o mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa pariwo tẹ̀lé e: "Tésítà dọ̀n kọ́ọ̀mù o!" O máa ń ti fèrèsé kí o má baà gbọ́. O kò bi mí rí ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Tésítà, atọ́wò. Ó ń sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé òun kò mutí, òun ń tọ́ ọ wò fún ìyàwó òun ni. Wọ́n rò pé ọtí ló ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ló ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú nìyí, Àṣàkẹ́ mi. N kò mọ bí n ó ṣe tò wọ́n. N ó ṣáà kọ wọ́n bí wọ́n bá ṣe ń wá.

Àkọ́kọ́, kó ife yẹn kúrò lórí tábìlì kí ọjọ́ Sátidé tó dé. Má ní kó di ẹ̀yìn ìdánwò. Bí o bá fẹ́ dánra wò nílé, lo imú nìkan. Fi èèpo ọsàn sínú omi ife kan, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, gé atalẹ̀ sínú ẹ̀kẹta, bò wọ́n, kí o máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ àti ṣúgà táṣẹ́rẹ́ kọ́ ahọ́n rẹ nínú omi lásán. Ọtí, ibi iṣẹ́ ni kó wà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ ni kó bá ọ bù ú, kì í ṣe ọkọ rẹ. Kí báfù sì wà níbẹ̀, kí gbogbo yín máa tu.

Má jẹ́ kí adùn tàn ọ́. Mo gbọ́ èyí lẹ́nu olùkọ́ wa lóṣù tó kọjá, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ó ní bí a bá fi ọsàn tàbí ápù sínú ọtí, agbára rẹ̀ kò dín. Ẹni tó ń mu ún ni kò ní tètè mọ̀. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò nínú ọkàn mi pé ti lẹ́mọ́nù jẹ́ ti ọmọdé, pé ti ápù kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá, bí wọ́n bá gbé táǹkì kan wá tó ń rùn bí rọ́bà, àwọn kan á ní, "Ẹ gbé e lọ sí lẹ́mọ́nù, yóò bò ó." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ sí i. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi bí a ti ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, mo sì gbé ẹ̀kọ́ náà wálé. Bí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí irú rẹ̀, sọ pé kí wọ́n dá a padà sínú èédú. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú.

Bó o bá sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà, ọmọ mi, fìdí rẹmi fúnra rẹ. Mo mọ̀ pé o kórìíra kí wọ́n sọ pé o kò tó. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ẹ̀rù yẹn, mo sì bẹ̀ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n wò mí: mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n, ní ọjọ́ orí mi, lójú àwọn ọmọ kéékèèké, mo sì jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Mọ́kànlá yẹn, tèmi ni. Gbogbo ìyìn tí mo gbà nínú kóòtù funfun, ti bàbá rẹ ni, n kò sì gbádùn ọ̀kan nínú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tó ná a.

Ní ti Fẹ́mi, má dojú ìjà kọ ọ́. Má sọ fún un pé màmá rẹ ní ọ̀mùtí ni. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn rẹ, ó sì ń fẹ́ kó o yege, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ náà ṣe rí. Ṣáà sọ fún un pé wọ́n ti ní kí ẹ má gbé ọtí kúrò níbi iṣẹ́ mọ́, èyí tó yẹ kí ó jẹ́ òfin ní tòótọ́. Kí o wá wo ojú rẹ̀ bó bá gbọ́. Bó bá ní, "Kò burú," fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Bó bá ní, "Àní ìgò kan péré náà?" tètè wá bá mi, kódà bí mo bá wà nínú kíláàsì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Mo rò pé mo lè parí rẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ló sì wúwo jù.

O rántí Bàbá Sùlé, tó ń gbé ẹrù ní èbúté. Òun ló máa ń gbé bàbá rẹ kọ́ èjìká wálé láti Marine Beach. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyàwó, ẹ gba ọkọ yín o. Ẹ má bá a jà. Mo ti fún un lómi mu." Mùsùlùmí ni, kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé òun la máa ń rí pẹ̀lú rẹ̀, ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ, gbà pé ọkùnrin náà ló kọ́ ọmọ òun lọ́tí. Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀. N kò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wá. Ó wọ agbádá funfun kan tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Ìyá àgbà dìde sí i: "Ìwọ! Ìwọ lo kọ́ ọmọ mi lọ́tí! O tún wá wo bó ṣe rí nínú pósí? Jáde nílé mi!" Bàbá Sùlé kò wo ìyá àgbà. Èmi ló wò. Ó mọ̀, Àṣàkẹ́. Bàbá rẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, ó sì gbà á gbọ́. Ó dúró kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Kí Ọlọ́run tù yín nínú," ó sì yí padà. Ìwọ lo tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Ohun tí mo jẹ́ kó o gbà gbọ́ lo fi tì í. Ọwọ́ mi ló tilẹ̀kùn yẹn.

Títí dòní, láràárọ̀, ìyá àgbà ń dárúkọ ọkùnrin náà nínú àdúrà, kì í sì í ṣe àdúrà rere. Yàrá mi kọjú sí ti ìyá àgbà. Mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó lọ sí kíláàsì, n ó gbé báàgì mi, n ó sì jáde. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, wọ́n ní. Èmi ń jẹ, ẹlòmíràn ló ń bá mi ru igbá.

Bí o bá dé ibojì bàbá rẹ, sọ fún un pé o ti mọ̀. O kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún tó lò kẹ́yìn láyé. Ó máa ń bi mí pé, "Ṣé Àṣàkẹ́ pè?" Mo ní iṣẹ́ ìwé ló pọ̀ fún ọ. N kò kọ èyí láti fi nà ọ́. Mo kọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé kò bínú sí ọ rárá, kò sì fìgbà kan dárúkọ mi sí ọ pé èmi ni. Ó lè sọ ọ́. Ó pa á mọ́ fún mi.

Ohun tí mo pinnu nìyí. Láàárọ̀ Sátidé, bí ìyá àgbà bá ti jẹun tán, n ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, n ó sì sọ ọ́. Bí wọ́n bá lé mi jáde, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó wá, kí o jọ̀ọ́ fún mi ní àyè ní pálọ̀. Láti ibẹ̀ n ó lọ sí Liverpool Road. Wọ́n ní Bàbá Sùlé ṣì wà níbẹ̀, ó ń ta okùn tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń di ẹrù. N kò mọ ohun tí n ó sọ fún un. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tó o.

Ẹ̀rù ń bà mí. O mọ̀ mí. Mo lè jí lọ́jọ́ Sátidé kí n ní ara mi kò yá. Bí o bá wá ní ọjọ́ Àìkú, tí o sì gbọ́ tí ìyá àgbà ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, kí o mọ̀ pé n kò tíì sọ ọ́. Má bá mi sọ̀rọ̀ lójú wọn. Wá dúró tì mí, kí n lè sọ ọ́ lójú rẹ.

Ṣùgbọ́n títí dìgbà yẹn, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí. Má fi han Fẹ́mi. Kò yẹ kí àna máa ka irú èyí nípa àna rẹ̀. Má kà á sétí àbúrò rẹ kankan. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, má jẹ́ kí ìyá àgbà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bàbá rẹ bá mi pa á mọ́ títí ó fi kú. Ìwọ, bá mi pa á mọ́ di ọjọ́ Sátidé péré.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.